Ọ̀rọ̀ Kì í Ṣe Ẹrù Ọkọ̀

Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé ohun tí ìbánisọ̀rọ̀ jẹ́, àwòrán kan ni yóò sábà yà: olùsọ lápá òsì, olùgbọ́ lápá ọ̀tún, ọfà láàárín wọn, ariwo sì ń dí ọfà náà lọ́nà. Bí ọfà bá ti dé, ó parí. Mo ní ẹ̀kọ́ yìí ń ṣì wá lọ́nà. Ó sọ ọ̀rọ̀ di ẹrù tí ọkọ̀ gbé láti Èkó, tí ó gba Ore kọjá lọ sí Benin: ohun tí wọ́n dì lọ́hùn-ún náà ni wọn yóò tú níbí.

Ta ló ni àwòrán náà? Claude Shannon ni, onímọ̀ ìṣirò kan ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí tẹlifóònù Bell ní Amẹ́ríkà, ní 1948. Bí àmì yóò ṣe gba inú wáyà kọjá láìbàjẹ́ ni ó ń wá. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ gbangba pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kò kan iṣẹ́ tí òun ń ṣe. Warren Weaver ni ó nà án dé ọ̀dọ̀ ọmọ ènìyàn ní 1949. Ní 1954, Wilbur Schramm tẹnu mọ́ ọn pé ibi tí ìrírí olùsọ àti ti olùgbọ́ bá ti pàdé ni òye ń gbé. Síbẹ̀, ọfà ni àwa dì mú.

Àwọn baba wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fi owó ẹyọ mẹ́fà pàrokò ń wí pé ọkàn òun fà mọ́ ẹni tí òun ránṣẹ́ sí. Bí onítọ̀hún bá fi mẹ́jọ dá a lóhùn, ó ní ọ̀rọ̀ àwọn jọra. Ẹ gbé ẹyọ mẹ́fà kan náà fún ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Ẹyọ pé, kò sí ariwo kankan, ṣùgbọ́n ìfẹ́ inú rẹ̀ kò dé ibì kan.

Ore gan-an jẹ́rìí sí i. Ní oṣù kẹjọ 1967, ogun abẹ́lé dé ìlú náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti dá àwọn ọmọ ogun Biafra padà. Àwọn ènìyàn ń wí pé, “Ó le kú, ìjà Ore!” Ní 1974, Akínwùmí Ìṣọ̀lá fi “Ó Le Kú” sọ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ lórúkọ, Túndé Kèlání sì sọ ọ́ di fíìmù ní 1997. Ìtàn ìfẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan náà ni: ẹni tó gbọ́ ìró ìbọn gbọ́ tirẹ̀, ẹni tó wo fíìmù gbọ́ tirẹ̀.

Kí ló wá kan ẹ̀mí ènìyàn níbẹ̀? Ní Ore, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, ọ̀nà Èkó, Benin, Oǹdó àti Okìtìpupa pàdé. Ará Ìkálẹ̀, ará Oǹdó, ọmọ Igbo, Urhobo àti Hausa ń kọjá níbẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba kan bá wá fi èdè Òyìnbó kéde fún wọn pé kí wọ́n má sáré àsápajúdé, tí ó ya fọ́tò, tí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ti la àwọn awakọ̀ lọ́yẹ̀, kí ni ó ṣe? Ọfà ni ó ta. Bí ọkọ̀ bá sì dojú dé lọ́jọ́ kejì, a ó gbọ́ pé awakọ̀ kò gbọ́ràn.

Ẹnìkan yóò sọ pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni yóò sọ ààbọ̀ di odidi nínú ẹni tí kò bá wa pín èdè àti ìrírí? Odidi ọ̀rọ̀ ni ó tọ́ sí i, ní èdè tirẹ̀. Kí ẹni tí ó kéde sì ní sùúrù kí olùgbọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó gbọ́ padà. Títí a ó fi gbọ́ èsì yẹn, ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé pé a ti bá wọn sọ̀rọ̀.