Àjẹ́ Kọ́ Ló Ń Gbé Orí Ọdán

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ̀yin ọmọ Obòkun ní Iléṣà àti agbègbè rẹ̀, ọ̀rọ̀ igi la bá wá. Bí ènìyàn bá ra ilẹ̀ lóde òní, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi í ni pé ṣé kò sí ìrókò tàbí ọdán níbẹ̀. Bí ọdán bá wà, kí búlọ́ọ̀kù tó dé ni wọ́n á ti ránṣẹ́ sí ẹlẹ́rọ ìgégi. Ẹlòmíràn á tilẹ̀ kọ́kọ́ pe pásítọ̀ tàbí àfáà kí ó wá ṣe àdúrà nídìí igi, kí àwọn tó ń ṣèpàdé lórí rẹ̀ lóru lè kó ẹrù wọn lọ. Nígbà tí ilé bá parí, ẹni yìí kan náà á wá lọ ra igi gíga ṣóńṣó tí àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ń pè ní másíkúréèdì, á tò wọ́n mọ́ fẹ́ǹsì bí ọmọ iléèwé tó wà lórí ìlà. Ó ní ilé òun ti mọ́.

Ìgbàgbọ́ tó wà lẹ́yìn ìwà yìí la kọ ìwé pẹlẹbẹ yìí ta kò: pé ọdán ni ilé àjẹ́, pé igi òyìnbó tó nà ró ló yẹ ọgbà ènìyàn pàtàkì. Irọ́ ni méjèèjì. Iṣẹ́ rere tí ọdán ń ṣe gan-an ni wọ́n fi ń bà á lórúkọ jẹ́.

Òru ni ẹjọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká lọ bá a lóru. Mángòrò ní àsìkò, àgbálùmọ̀ ní àsìkò. Ọdán kò ní. Ọ̀kan lè so láàárín ọ̀gbẹlẹ̀, kí ti àdúgbò kejì so nígbà tí òjò ń rọ̀ kíkankíkan. Nítorí náà, nígbà tí oko bá gbẹ tí kò sí nǹkan kan mọ́, ọdán ni àwọn ẹ̀dá tó ń jẹ èso ń sá tọ̀. Èso rẹ̀ kéré, kò ju orí ìka lọ, ó sì máa ń so mọ́ ìdí ewé wìtìwìtì. Bí ó bá ti pọ́n, ẹyẹ ló ni ọ̀sán, àdán ló ni òru. Àdán kò sì mọ bí a ti ń jẹun jẹ́jẹ́. Á han, á jà, á máa fi apá gbá ewé. Á rún èso lẹ́nu, á fa omi rẹ̀ mu, á tu háà rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí háà yẹn bá ń bọ́ sórí páànù kó, kó, kó, ní aago méjì òru, tí nǹkan kan sì ń ké lókè, ta ni kò ní fa aṣọ borí? Òwìwí náà á tún dé, nítorí pé eku ń wá ṣa èyí tó bọ́ sílẹ̀ jẹ, eku sì ni òwìwí ń wá. Òótọ́ ni pé ìpàdé ń lọ lórí igi. Oúnjẹ alẹ́ ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà, kí ó tan tọ́ọ̀ṣì sókè. Ojú àdán ni yóò máa kọ yẹ̀rì sí i.

Àdán aláwọ̀ koríko gbígbẹ tó ń jẹ lórí ọdán wa, irú rẹ̀ ló kún ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bámúbámú. A ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ọgbà yunifásítì ní ilé àjẹ́, àfi bóyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́sẹ̀ ìdánwò. Òun náà ló ń jẹ èso ìrókò, tó ń fò lọ jìnnà réré, tó ń yàgbẹ́ irúgbìn rẹ̀ sílẹ̀ ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbìn ín. Ẹni tó fi pákó ìrókò kan ilẹ̀kùn jẹ àdán ní gbèsè.

Wọ́n á tún ní: “Ẹ wò ó, òun nìkan ló dédé hù lára ògiri. Ta ló gbìn ín?” Ẹyẹ ni. Ẹyẹ jẹ èso ọdán tán, ó bà lé ògiri ilé àtijọ́, tàbí gọ́tà òrùlé, tàbí àárín imọ̀ ọ̀pẹ, ó sì ṣe ohun tí ẹyẹ ń ṣe. Irúgbìn náà kò nílò ilẹ̀ láti hù. Á ju gbòǹgbò tín-ín-rín sísàlẹ̀, á wé mọ́ ọ̀pẹ, gbòǹgbò á máa nípọn títí ọ̀pẹ á fi kú sí i nínú. Ìyẹn burú fún ọ̀pẹ, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n kò sí ọwọ́ ẹ̀dá abàmì kankan níbẹ̀.

Ó ku ti òdòdó, nítorí àwọn kan ń sọ pé igi tí kò yọ òdòdó rí tó sì ń so, ó ní ohun tó ń ṣe. Ẹ já èso ọdán kan tí kò tíì pọ́n, ẹ fi ọ̀bẹ là á sí méjì. Gbogbo ohun tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó kún inú rẹ̀ yẹn, òdòdó ni. Ihò bíńtín kan wà ní orí èso náà. Ibẹ̀ ni abo kòkòrò kan, ìbátan agbọ́n tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ń gbà wọlé. Ìyẹ́ rẹ̀ sábà máa ń ya kúrò lára rẹ̀ bó ti ń fún ara rẹ̀ wọlé. Á pín ìyẹ̀fun òdòdó tó gbé wá, á yé ẹyin, á kú síbẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò jáde lọ wá ọdán mìíràn. Ọ̀pọ̀tọ́ ní kòkòrò tirẹ̀, ọdán ní tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ohun ìyanu lórí igi yìí, ìyanu nìyẹn.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á ní Jésù fi ọ̀pọ̀tọ́ bú, ìbátan ọdán sì ni. Ẹ padà lọ ka Mátíù orí 21. Ẹ̀ṣẹ̀ igi yẹn ni pé kò léso; kò sẹ́ni tó bá àjẹ́ lórí rẹ̀. Igi sikamore tí Sákéù gùn kí ó lè rí Olúwa, ẹbí ọdán ni òun náà, ìgbàlà ló sì bá a délé. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, Súúrà 95 tí ẹ ń kà, ọ̀pọ̀tọ́ ni Ọlọ́run fi búra níbẹ̀. Kédárì Lẹ́bánónì tí ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì sì ń fi olódodo wé, kì í ṣe gbogbo igi ṣóńṣó tí wọ́n bá pè ní kédárì ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ti igi òyìnbó tó nà ró, àwọn ọmọ wa tó ń gbé Kalifóníà mọ kédárì kan níbẹ̀, kédárì olóòórùn tùràrí tí wọ́n ń fi igi rẹ̀ ṣe pẹ́ńsùlù. Igi gidi ni, ó ga, ó tọ́, èèpo rẹ̀ pupa. Orí òkè Kalifóníà àti Oregon ló ti wá, níbi tí yìnyín ń bọ́ nígbà òtútù tí òjò kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ nígbà ooru. Ní Iléṣà, ìgbà ooru àti ìgbà òjò máa ń wọnú ara wọn, ilẹ̀ á rin gbingbin fún oṣù púpọ̀, òtútù ọyẹ́ kò sì tó ohun tí igi yẹn mọ̀ sí òtútù. Ẹ má gbé owó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ní ọmọ rẹ̀ tà.

Másíkúréèdì ní tirẹ̀ ń yè dáadáa. Ilẹ̀ Íńdíà ló ti wá, ìbátan ẹ̀ẹ̀rù àti ṣáwáṣọ́ọ̀pù sì ni. Bí ohun tí ẹ ń fẹ́ bá jẹ́ kí aládùúgbò má rí yín nígbà tí ẹ bá ń jẹun, ẹ gbìn ín. Ṣùgbọ́n ní aago kan ọ̀sán, òjìji rẹ̀ kò bo àga kan. Ẹ gbé àga sábẹ́ ọdán ní aago yẹn kan náà, ẹ ó rí i pé oorun ló máa ń gbé ènìyàn lọ níbẹ̀.

Àwọn baba wa mọ èyí, wọ́n sì fi ọdán sí ojú ọjà àti iwájú ààfin. Abẹ́ rẹ̀ ni òṣómàáló ayé àtijọ́, tó ń ta aṣọ láwìn, ti máa ń sọ ẹrù aṣọ kalẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá onígbèsè kiri. Ẹni kan lè fèsì pé ọjà gan-an, ti àwọn àjẹ́ ni lóru. Ó dára, kí ló dé tí ẹ fi ń ra tòmátì níbẹ̀ láàárọ̀?

Èyí tó ń bí wa nínú jù ni ti Òṣogbo. Ní oṣù kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, àlejò ń ti òkè òkun wá rìn lábẹ́ igi Igbó Ọ̀ṣun, hẹ́kítà 75 tí ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ dáàbò bo apá kan rẹ̀ ní 1965, tí wọ́n sì fẹ ààbò náà dé gbogbo rẹ̀ ní 1992, tí UNESCO sì kọ mọ́ àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Austria, bá àwọn agégi jà nítorí rẹ̀ títí ó fi kú ní 2009. A ń ya fọ́tò lábẹ́ igi wọ̀nyẹn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Bí ọdún bá parí, a padà sílé, a sì pe ẹlẹ́rọ ìgégi.

Lẹ́yìn ti ọ̀pẹ, ẹ̀sùn kan ṣoṣo ni ọdán jẹ̀bi rẹ̀: gbòǹgbò rẹ̀ ń la ìpìlẹ̀ ilé, ó sì ń wọ kànga àti sókàwéè. Nítorí náà, lórí pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, ẹ má gbìn ín. Ẹ gbin ọ̀pọ̀tọ́ síbẹ̀, ẹ máa gé e. Ewé rẹ̀ ni àwọn ìyá ń sè fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀. Ọdán, ẹ gbìn ín sí oríta àdúgbò, tàbí sí ọgbà iléèwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí tí ilẹ̀ wọn fẹ̀, kí ó fi ẹsẹ̀ bàtà 40 jìnnà sí ilé. Kò nílò nọ́sìrì. Bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ gé ẹ̀ka tó nípọn tó ọrùn ọwọ́, ẹ rì í mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ fi ẹ̀gún yí i ká, nítorí ewúrẹ́ fẹ́ràn ewé rẹ̀ púpọ̀. Bí ó bá sì di igi ńlá, ẹ má sá aṣọ funfun sábẹ́ rẹ̀.