Èkó Tàbí Ilé-Ifẹ̀?

Ẹ̀yin ìjòyè àti ọ̀mọ̀wé ọmọ Ìgbólé, ọ̀ràn kan ń bẹ tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò. Nígbà tí ọlidé ọjọ́ mẹ́ta bá dé, Èkó ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń kó àwọn ọmọ lọ. Èmi kò tàbùkù Èkó: òkun ń bẹ níbẹ̀, ilé ohun àtijọ́ ti ìjọba sì ti wà ní Oníkàn láti ọdún 1957. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta kò tó Èkó. Ọ̀nà jíjìn àti sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ni yóò jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ilé-Ifẹ̀ sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbẹ̀ ni Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn dúró sí, tí gíga rẹ̀ ju mítà 5 lọ. Ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ni àwọn tí ń wa ilẹ̀ láti kọ́lé ti hú àwọn orí idẹ jáde ní ọdún 1938. Ọ̀kan nínú wọn ń bẹ ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àjèjì ti ń wò ó.

À ń kọ́ àwọn ọmọ wa pé láti Ifẹ̀ ni àwọn ọba Èkìtì ti gbé adé wá. Wọ́n ń fi ẹnu wí i, ojú wọn kò rí i. Bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn kò tó àfojúbà. Nítorí náà, kí olúkúlùkù baba ilé mú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Ifẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó tó mú wọn lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀kejì.