Àpérò Lórí Iṣẹ́ Àgbẹ̀: Ta Ni A Pè Síbẹ̀?

Ó ti di àṣà àwọn tí ń ṣe àkóso wa pé, bí ọ̀ràn oko àti ìletò bá ta kókó mọ́ wọn lọ́wọ́, wọn a di ìwé wọn, wọn a sì lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan tí ó pa rọ́rọ́ láti gbìmọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. A kò rí ibi nínú èyí, nítorí ẹni tí àlejò kò jẹ́ kí ó simi ní ọ́fíìsì kò lè ronú jinlẹ̀. Ìbéèrè wa ni pé, ta ni ó jókòó níbẹ̀?

Àgbẹ̀ kì í sábà sí níbẹ̀. Bí a bá tilẹ̀ pe ẹnì kan, èdè Gẹ̀ẹ́sì tí kò gbọ́ ni a fi ń jíròrò ọ̀ràn rẹ̀ lójú rẹ̀. Ìyá tí ń yan gàrí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìpàdé wà.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ọdún 1968 àti 1969, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn dìde lábẹ́ orúkọ Àgbẹ̀kọ̀yà nítorí owó-orí tí ó wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ẹ̀mí ṣòfò, dúkìá sì bàjẹ́. Ní 1969, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tọ̀ wọ́n lọ ní ìletò wọn láti bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ kíyèsí i, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́: òun ni ó tọ̀ wọ́n lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ náà kò ní gbàgbé ètò oko tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé kalẹ̀ ní 1959 fún àwọn ọmọ tí ó jáde ilé-ìwé, irú èyí tí ó wà ní Ìlọrà. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ísírẹ́lì ni a ti rí àwòkọ rẹ̀, ó sì dára lójú ìwé. Ṣùgbọ́n kòkó a máa pẹ́ kí ó tó mú owó wọlé, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò sì lè dúró dè é.

Ní Maputo ní 2003, àwọn olórí Áfíríkà ṣèlérí ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ìṣúná fún iṣẹ́ àgbẹ̀. Wọ́n tún un sọ ní Malabo ní 2014. (Àpérò méjèèjì dùn, a kò jiyàn.) Ìjọba àpapọ̀ wa kò tíì mú un ṣẹ.

Nítorí náà, kí a ṣe àpérò tí ń bọ̀ ní abúlé, ní àkókò òjò, kí ọkọ̀ àwọn ọlọ́lá lè bá ẹrẹ̀ ọ̀nà oko pàdé. Kí a fi Yorùbá sọ ọ́, kí àwọn olùkọ́ máa kọ ohun tí a bá pinnu sílẹ̀, kí wọ́n sì kà á fún gbogbo ìletò kí àpérò tó túká.