Àdúrà fún Gbogbo Ayé, Àlejò Lẹ́nu Ọ̀nà

Ní Bantama níbi tí mò ń gbé, àdúrà kì í wọ́n. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì kan kò tíì dákẹ́ tí ti èkejì yóò fi gbé e. Wọ́n ń gbàdúrà fún Yúróòpù tó ti gbàgbé Ọlọ́run, wọ́n ń dá owó fún iṣẹ́ ìhìnrere ní òkè òkun. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé, ta ló ń gbàdúrà fún àjòjì tó ń ta ọjà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì náà?

Ọ̀rọ̀ yìí kan èmi ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Kùmásí, ó sì kan ìtàn ìgbàgbọ́ wa. Ní ọdún 1839, Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Áfíríkà, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ Kùmásí láti wàásù. Ní ọdún 1842, ọkùnrin kan náà gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ó sì dé Abẹ́òkúta, níbi tí Ṣódẹkẹ́ ti gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. William de Graft, ọmọ Fante, ló bá a wá sí Àgbádárìgì. Nítorí náà, kì í ṣe òyìnbó nìkan ló gbé ìhìnrere wá bá Yorùbá. Ọmọ Gold Coast wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Yorùbá náà san oore yẹn padà. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí àti àwọn ìlú mìíràn wá ta aṣọ àti wosiwosi ní Gold Coast. Kò sí ẹni tó rán wọn níṣẹ́ ìwàásù, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti rí ọjà tà ni wọ́n ti ń kóra jọ láti gbàdúrà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ yìí ló ti ọwọ́ wọn jáde. Ìṣòwò ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ míṣọ́nnárì.

Nígbà tó di ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia fún àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kó fi jáde. Àwọn tí wọ́n bí sí Ghana náà di ẹrù wọn. Àwọn ìjọ kan ṣófo. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí Freeman ṣiṣẹ́ fún ni Busia fúnra rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ó kan Nàìjíríà: ìjọba Shagari lé àwọn àjòjì tí kò ní ìwé, ọmọ Ghana ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù ni a ṣì ń pè ní Ghana-must-go, tí a sì ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2025, àwọn kan tún jáde ní Accra, wọ́n ní kí ọmọ Nàìjíríà máa lọ.

Ẹnìkan lè sọ pé òfin ìjọba kì í ṣe iṣẹ́ ìjọ, àti pé àwọn àjòjì kan ń hùwà ọ̀daràn lóòótọ́. Mo gbà. Kí ìjọba mú ọ̀daràn, kó sì béèrè ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkan lé gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ lórí, ìjọ kò gbọdọ̀ dákẹ́. Nínú Mátíù 25, Jésù ka ara rẹ̀ mọ́ àwọn àlejò. Ẹni tó bá ka ibẹ̀ tó sì ń bá èrò pariwo “ẹ máa lọ”, ta ló rò pé òun ń lé?

Àwa àlejò náà ní tiwa láti ṣe. Jeremáyà 29 ní kí àwọn tó wà ní ìgbèkùn máa gbàdúrà fún àlàáfíà ìlú tí wọ́n wà. Tí a bá ti pẹ́ ní Kùmásí tí a kò gbọ́ Twi ju iye owó ọjà lọ, tí ó jẹ́ ilé tí a ó kọ́ sí Nàìjíríà nìkan là ń bẹ Ọlọ́run fún, àdúrà wa kò tíì dé ìlú tí à ń jẹun nínú rẹ̀.

Ohun tí mò ń béèrè kò tóbi. Kí ìjọ tó ń dárúkọ Lọ́ńdọ̀n nínú àdúrà dárúkọ àwọn àjòjì àdúgbò pẹ̀lú. Kí ọmọ ìjọ tó ń lọ wo aláìsàn ní ilé ìwòsàn Komfo Anokye béèrè ẹni tí kò ní ará nítòsí, kó sì yà sí ibùsùn rẹ̀. Nínú ọrẹ tí a ń dá fún òkè òkun, kí a yọ díẹ̀ sílẹ̀ fún owó ilé opó tó jẹ́ àjòjì. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìjọ tí àlejò ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ń sá fún, kí ni yóò wí fún àwọn ará Lọ́ńdọ̀n tí wọn yóò gbà gbọ́?