“Ẹ padà wá lọ́jọ́ míì”: ohun tí ìdádúró BCG lè gbà lọ́wọ́ ọmọ tuntun

Bí ẹ bá ti gbé ọmọ tuntun lọ síbùdó ìlera rí, ní Ìmọ̀ta níbí tàbí lápá Ẹ̀pẹ́, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ: “Màmá, ẹ padà wá lọ́jọ́ míì, àwọn ọmọ tó máa gba BCG ò tíì pé.” Màmá á padà sílé, owó ọ̀kadà á tún di wàhálà, bí ọ̀sẹ̀ kan ṣe ń di mẹ́ta nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì tó sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìkà. Ìgò BCG kan sábà máa ń tó ogún ọmọ. Tí wọ́n bá ti pò ó tán, wákàtí 6 péré ló ní. Èyí tó bá ṣẹ́kù, dídànù ni. Tó bá ṣí i fún ọmọ kan ṣoṣo, wọ́n lè bi í léèrè ibi tí ìyókù wọlé sí. Àmọ́ ìṣirò ìgò nìkan kọ́ ló wà nílẹ̀.

Ẹ wo Guinea-Bissau, ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa níbí. Àjọ ìwádìí Bandim Health Project, tí Peter Aaby ará Denmark dá sílẹ̀, ti wà níbẹ̀ láti 1978. Àṣà ibẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣèwádìí ni pé ọmọ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá tó kílò 2.5, wọn ò ní fún un ní BCG títí á fi sanra díẹ̀. Wọ́n wá ṣe ìwádìí mẹ́ta: àwọn ọmọ kan tètè gbà á lẹ́yìn ìbí, àwọn kan dúró bí àṣà. Nígbà tí wọ́n pa èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ní 2017, ikú láàárín oṣù àkọ́kọ́ fi ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù lára àwọn tó tètè gbà á.

Ibi tó yani lẹ́nu rèé. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni BCG wà fún, láti 1921 tí wọ́n ti kọ́kọ́ fún ọmọ kan ní Paris. Ikọ́ ẹ̀gbẹ kì í sábà pa ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì. Kí wá ni abẹ́rẹ́ yìí ń lé sá?

Ara wa ní irú ọmọ ogun méjì. Àwọn kan dà bí akọ̀wé àgọ́ ọlọ́pàá: wọ́n ń kọ orúkọ àrùn tó ti wá rí sílẹ̀. Àwọn kejì dà bí máígáàdì: àlejò yòówù tó bá yọjú, wọ́n á kọjú ìjà sí i. Ohun tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé ni pé máígáàdì yìí ò ní ìrántí. Ní 2012, Mihai Netea àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nijmegen, nílẹ̀ Netherlands, fi hàn pé irọ́ ni. Lẹ́yìn BCG, monocyte, ọ̀kan lára àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, ń gbógun ti kòkòrò míì tí kì í ṣe ti ikọ́ ẹ̀gbẹ, kódà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. DNA inú wọn ò yí padà. Bí wọ́n ṣe ká a ló yí padà, bí ìwé tí wọ́n ti ṣí sójú ewé tí wọ́n máa lò. Ọjọ́ díẹ̀ sì ni monocyte ń lò láyé. Ìwádìí tó tẹ̀lé e tọ́ka sí mùdùnmúdùn inú egungun, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀: ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà wà.

Àrùn náà ń fi irú àmì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kì í sì í ṣe fún ire nígbà gbogbo. Ní 2023, àwọn olùwádìí ní New York rí i lára àwọn tí kòrónà ṣe gan-an pé àmì náà ṣì wà di ọdún kan. Máígáàdì tó bá ń fura jù lè ba ilé jẹ́.

Ká má sì sọ BCG di gbogboǹṣe o. Ní 2020, ta ni ò rí i lórí WhatsApp pé àpá BCG apá wa ni ò jẹ́ kí kòrónà rí wa gbé ṣe? Wọ́n dán an wò lára àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó tó 4,000 ní orílẹ̀-èdè márùn-ún. Èsì tó jáde ní 2023 sọ pé kò dín kòrónà kù. Ohun tó ṣe fún ọmọ jòjòló kò túmọ̀ sí pé á ṣe é fún àgbàlagbà.

Lójú tèmi, ìgò tó ṣófo dáa ju ọmọ tó ń dúró lọ. Àwọn tó ń bi nọ́ọ̀sì léèrè ìgò ló yẹ kó yí ìbéèrè wọn padà: ọmọ mélòó lẹ dá padà lónìí? Ẹ̀yin ìyá, ọ̀fẹ́ ni BCG níbùdó ìlera ìjọba. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ padà wá, ẹ béèrè ọjọ́ gan-an, kẹ́ ẹ sì béèrè ibùdó tí wọ́n ti máa ṣí ìgò kí ọjọ́ yẹn tó pé, pàápàá bí ọmọ yín bá kéré nígbà tẹ́ ẹ bí i.