Físíìsì Kì Í Ṣe Àjèjì sí Wa

Ọ̀rọ̀ kan ń tàn kálẹ̀ láàárín àwọn òbí ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́: wọ́n ní ọmọ tó bá ń lépa iṣẹ́ ìwádìí físíìsì ń na ọwọ́ sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó. Àwa olùkọ́ kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀ka tí èdè Faransé ń pè ní systèmes complexes, ìyẹn àwọn ètò tó díjú. Ohun púpọ̀ ni, tí ìṣe ọ̀kan ń yí ìṣe èkejì padà, títí gbogbo wọn yóò fi dá àrà tí kò sí lọ́wọ́ ẹyọ kan. Igi kan kì í dá igbó ṣe: àwọn baba wa mọ èyí tipẹ́. Ọjà Dantokpa, ọ̀wọ́ ẹyẹ, òjò tó ń yẹ ìgbà, irú kan náà ni wọ́n. Onímọ̀ ń fi ìṣirò kọ òfin wọn, ó sì ń fi kọ̀ǹpútà dán an wò, nítorí ojú ọ̀run kò ṣeé gbé wọ yàrá ìdánwò.

Ní 2021, Giorgio Parisi ará Ítálì, Syukuro Manabe tí wọ́n bí ní Jàpáànù àti Klaus Hasselmann ará Jámánì gba ẹ̀bùn Nobel lórí irú iṣẹ́ yìí. Láti 1967 ni Manabe àti Wetherald ti fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀ pé bí gáàsì kábọ́nì inú afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po 2, ooru ayé yóò fi ohun tó lé ní ìwọ̀n Celsius 2 pọ̀ sí i. Kọ̀ǹpútà wọn kò lágbára tó fóònù tó wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa lónìí. Ta sì ni ọ̀rọ̀ òjò kàn ju àgbẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ lọ?

A gbà pé ọ̀nà náà jìn: licence ọdún 3, master ọdún 2, doctorat ọdún 3 ó kéré tán, iṣẹ́ kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n Abdus Salam ará Pakístànì, tí ó ti mọ ìyà onímọ̀ tó dá wà, dá ibùdó ìwádìí kan sílẹ̀ ní Trieste ní 1964 fún irú àwa. Ibùdó náà ran IMSP lọ́wọ́, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí a dá sílẹ̀ ní 1988, tó wà ní Dangbo nítòsí Àjàṣẹ́. Ilé ìmọ̀ kò jìnnà. Àwa gan-an là ń dí ọmọ lọ́nà.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe lé ọmọ tó fẹ́ série C sí ibòmíràn. Kí ẹgbẹ́ wa bu ọlá fún ọmọ tó mọ ìṣirò bí a ti ń bu ọlá fún ọmọ tó mọ oríkì. Kí ìwé ìròyìn yìí sì máa fi Yorùbá ṣàlàyé sáyẹ́ǹsì, nítorí èdè tí a kò bá fi ronú jinlẹ̀ mọ́, èdè ayẹyẹ lásán ni yóò dà.