Ìwé Wo Ni Ó Yẹ Ọmọ Wo?

Ó jẹ́ ohun ìbànújẹ́ fún gbogbo ẹni tí ó fẹ́ ìlọsíwájú ilẹ̀ wa pé, ní ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí a ń pè ní ọ̀mọ̀wé láàárín wa, bí a bá mú Bíbélì tàbí Kùránì kúrò, tí a sì mú ìwé orin kúrò pẹ̀lú, kò sí ìwé mìíràn tí ọmọ lè nawọ́ mú. Kì í ṣe àìlówó ni ó fa èyí, nítorí pé owó tí a ń ná sórí aṣọ ẹbí ọjọ́ kan ṣoṣo ju iye ìwé tí ọmọ mẹ́ta lè kà ní ọdún kan lọ. Ohun tí ó fà á ni pé a ti sọ ìwé di ẹrù ìdánwò. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá fẹ́ wọlé, àwọn òbí a gba ìwé pélébé tí a kọ orúkọ àwọn ìwé sí, wọn a ra èyí tí wọ́n bá lè rà, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀ títí di ọdún tí ń bọ̀. Ọmọ tí kò mọ ìwé sí ohun mìíràn ju ìdánwò lọ, ọjọ́ tí ó bá ṣe ìdánwò ìkẹyìn tán ni yóò dágbére fún ìwé.

Èrò mi gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ni pé ìwé dà bí oúnjẹ. A kì í gbé iyán fún ọmọ tí kò tíì hu eyín, bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi ẹ̀kọ mímu nìkan bọ́ géńdé tí ń lọ sí oko. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a ń bá wí pé wọn kò fẹ́ràn ìwé, ìwé tí kò bá ọjọ́ orí wọn mu ni a gbé lé wọn lọ́wọ́. Nítorí náà, mo fẹ́ sọ ohun tí mo rò nípa díẹ̀ nínú àwọn ìwé èdè wa, àti ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yẹ.

Ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà pàápàá ní ìwé tirẹ̀, ẹnu àgbà sì ni ìwé náà. Láyé àtijọ́, ìyá àgbà ni í pa àlọ́ ní alẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò gbé pọ̀ pẹ̀lú ìyá àgbà mọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá rí báyìí, kí ó wá Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá, tí Adébóyè Babalọlá tẹ̀ jáde ní ọdún 1973. Kí ó máa ka ẹyọ kan ní alẹ́, kí ọmọ sì máa gbe orin. Ọmọ tí ó bá ti ń gbọ́ àlọ́ láti inú ìwé yóò mọ̀, kí ó tó mọ A yàtọ̀ sí B, pé ohun dídùn ń bẹ nínú ìwé.

Láti ọmọ ọdún mẹ́fà títí dé mẹ́sàn-án, èmi kò tíì rí èyí tí ó borí Aláwíyé ti J. F. Ọdúnjọ. Olùkọ́ ni Ọdúnjọ fúnra rẹ̀, ó sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń há ọmọ lẹ́nu. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ kúkúrú dé orí ìtàn, ó sì fi ewì sí àárín tí àwọn àgbàlagbà ṣì ń kà lórí láìwo ìwé títí di òní. Ṣùgbọ́n ayé oko àti abúlé ni ó pọ̀ nínú rẹ̀, ọmọ tí a bí sí ìgboro Èkó sì lè máà mọ ohun tí à ń pè ní ebè tàbí àká. Ẹ má torí èyí pa ìwé náà tì. Ẹ jókòó ti ọmọ, kí ẹ sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ fún un.

Bí ọmọ bá di ọmọ ọdún mẹ́wàá, ìtàn gígùn ni ó yẹ ẹ́, kí ó sì jẹ́ ìtàn nípa irú rẹ̀. Kúyẹ̀, tí Ọdúnjọ kọ ní ọdún 1964, dára fún un, nítorí ọmọ aláìlóbìí tí ojú rẹ̀ rí màbo ni ó wà nínú rẹ̀, ọmọ tí ó bá sì kà á yóò kọ́ àánú láìjẹ́ pé a wàásù fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ogun Ọmọdé ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá.

Níhìn-ín ni mo ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́, ní ti ìwé D. O. Fágúnwà. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1938, jẹ́ ògo fún èdè wa, kò sì sí ẹni tí ó lè jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn rẹ̀ gùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ a sì máa tẹ̀lé ara wọn wọ̀ìwọ̀ì bí ìlù. Bí a bá fi í fún ọmọ ọdún mọ́kànlá pé kí ó lọ kà á, kí ó sì wá dáhùn ìbéèrè, yóò rò pé ìyà ni a fi jẹ òun. Ẹ jẹ́ kí àgbà kà á sókè fún un. Etí ni a kọ́kọ́ fi ń jẹ adùn Fágúnwà kí ojú tó jẹ ẹ́. Ọmọ tí ó bá ti fi etí bá Àkàrà-Ògùn dé Òkè Láńgbòdó yóò wá ìwé náà fúnra rẹ̀ nígbà tí ó bá dàgbà díẹ̀.

Ọ̀dọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sókè ni ó ṣòro jù, àwọn ọkùnrin pàápàá. Fún àwọn wọ̀nyí, mo fi ọwọ́ sí Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, tí ó jáde ní 1969, àti Owó Ẹ̀jẹ̀ ti Kọ́lá Akínlàdé, ti 1976. Àwọn kan ń sọ pé ìtàn olè àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń kà ní ilé-ẹ̀kọ́. Èmi a máa bi wọ́n léèrè pé: ìwé wo ni ọmọ náà ń kà kí ó tó di pé ó rí èyí? Ẹni tí ó bá sáré ka ojú ewé igba nítorí pé ó fẹ́ mọ ọ̀daràn, ó ti mọ ìwé kà nìyẹn. Láti ibẹ̀ ni a ó ti mú un dé ọ̀dọ̀ Ọmọ Olókùn Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí, àti eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Ìṣọ̀lá, níbi tí yóò ti bá ìtàn àwọn baba ńlá wa pàdé.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìwé ìfẹ́, tí ó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ní ọdún 1929 sí 1930, ìtàn Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ń jáde nínú Akéde Èkó ti I. B. Thomas, ó sì di ohun tí gbogbo ìlú ń sọ. Ó Le Kú ti Ìṣọ̀lá jáde ní 1974, àwọn ọ̀dọ́ sì gbà á tayọ̀tayọ̀. Àwọn òbí kan kò fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn fi ojú kan irú rẹ̀. Èmi kò ní fi wọ́n fún ọmọ ọdún méjìlá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ní ibi tí kò sí olùtọ́nisọ́nà. Ó sàn kí ó kà á nínú ìwé tí ó fi ìgbẹ̀yìn ìwà wérewère hàn, kí ìyá rẹ̀ sì kà á pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n jọ sọ ọ́.

Nígbà tí Henry Townsend dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, ohun tí ó ń fẹ́ ni pé kí ìwé kíkà di àṣà fún àwọn ènìyàn. Àṣà kì í sì í wọ ọmọ lára bí kò bá rí i lára àgbà. Bàbá tí ń pàṣẹ pé kí ọmọ lọ kàwé, tí òun fúnra rẹ̀ kì í ka ohunkóhun, ń fi ẹnu kọ́lé ni.

Nítorí náà, mo fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bẹ ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin oníṣòwò tí Ọlọ́run ti bùkún, pé kí ẹ máa ra ìwé kan ṣoṣo fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò sí nínú ìwé ìdánwò. Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kí ẹ fi ààbọ̀ wákàtí sílẹ̀ lọ́sẹ̀ fún kíkà tí kò ní ìbéèrè lẹ́yìn. Bí àwọn olùtàwé bá rí i pé a ń béèrè, wọn yóò kó o wá. Bí a kò bá béèrè, àwọn olùtẹ̀wé kò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́, àwọn ọmọ wa yóò sì di ẹni tí ń sọ èdè tí kò lè kà. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.